Ta Ló Ń Fọ Abọ́ Ehoro?

Dámi kúnlẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, ó ń ya ìwé ìròyìn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú abọ́ ike pẹrẹsẹ kan. Eunice dúró tì í, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń wò ó bí ẹni ń ṣọ́ olè.

"Kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ lo gbé e sí?" Eunice fi Yorùbá rẹ̀ tí kò dán mọ́rán bi í.

"Ibẹ̀ làwọn ehoro fúnra wọn yàn, Sista mi. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tọ̀ sí jù. Tá a bá gbé abọ́ síbòmíì, wọn ò ní tẹ̀ lé wa lọ."

Dámi fi bébà nu ìtọ̀ tó wà nílẹ̀, ó ju bébà náà sínú abọ́, ó sì ṣa ìgbẹ́ róbótó-róbótó mélòó kan sí i. Ó wá kó koríko sí apá kan abọ́ náà, torí ehoro fẹ́ràn kó máa jẹun bó ṣe ń yàgbẹ́. Nígbà tó parí, ó fi Pidgin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bá Eunice sọ̀rọ̀, kó lè yé e yékéyéké.

"Abeg, no wash am with Izal o. If the smell comot, dem no go know the place again."

Eunice yọ ṣùtì ètè sí i.

Eunice ló kúkú ni ehoro méjèèjì. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ní èbúté Onne ló fi wọ́n ta á lọ́rẹ. Súgà funfun báláú, Bísíkíìtì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ṣùgbọ́n Súgà ni ààyò. Àmọ́ bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí, ti kìlọ̀: "Tí àwọn ẹran yìí ò bá yé tọ̀ sí pálọ̀ mi, Oyigbo ni wọ́n ń lọ." Gbogbo ilé ló mọ ohun tí Oyigbo túmọ̀ sí. Ibẹ̀ ni Dagogo ń gbé, ẹni tó ń sin ehoro tà fáwọn tó ń se pẹpẹsúùpù.

Dámi jẹ́ ọmọ àbúrò Dádì. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá kàwé lọ́dọ̀ wọn, ehoro sì ni ìyá rẹ̀ ń sìn. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, kì í ṣe ehoro ló ń dun Eunice. Yorùbá ẹnu Dámi ni. Port Harcourt ni wọ́n bí Eunice sí, tí Dádì bá ti ibi iṣẹ́ dé, "Daddy, welcome o" náà ló mọ̀. Dámi á ti wà lórí ìkúnlẹ̀: "Ẹ káàbọ̀, Dádì. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ojú ọ̀nà." Dádì á wá bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá mi, o ṣeun!"

Ìyá mi, kẹ̀! Látìgbà tí Eunice ti dáyé, Dádì ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Owú á gba àyà rẹ̀ kan.

Abọ́ náà sì ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ rárá tí pálọ̀ fi mọ́ tónítóní. Nígbà tí àlejò dé, Dádì nawọ́ sí kọ̀rọ̀: "Ẹ wá wo ehoro tó mọ ilé ìyàgbẹ́. Ìyá mi yìí ló kọ́ wọn!" Súgà alára, tí Eunice ń gbé sùn, ẹsẹ̀ Dámi ló ń sá tọ̀ lọ. Eunice bá wọ yàrá, ó sunkún owú títí ojú rẹ̀ fi wú.

Lọ́jọ́ kejì, kí Dámi tó ti ilé-ìwé dé, Eunice gbé abọ́ náà lọ sẹ́yìnkùlé. Ó fi Ísáàlì apakòkòrò fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn títí òórùn ìtọ̀ fi pòórá, ó wá to ìwé tuntun sí i, ó sì gbé e padà sí àyè rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa fura. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó fẹ́ kí Dámi tẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́. Làwọn ehoro ò bá mọ ibi tí wọ́n ń lọ mọ́. Wọ́n tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n tọ̀ sábẹ́ àga, wọ́n sì wá tọ̀ sínú bàtà tí Dádì fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Dádì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, sọ́ọ̀kì rẹ̀ rin gbindin.

"Ó tó gẹ́ẹ́!" Dádì pariwo. Ó gbé fóònù, ó pe Dagogo.

Ìgbà yẹn ni Eunice ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà. Dámi ló fẹ́ kó tẹ́, Súgà ló ń lọ sínú ìkòkò.

Nígbà tí Dagogo gbé àgò wọlé, tó ní, "Oga, where the rabbit dem?", Eunice sáré jáde.

"Dádì, ẹ dúró! Èmi ni mo ń fọ abọ́ yẹn. 'Ẹ má fọ̀ ọ́' ni Dámi sọ, èmi gbọ́ ọ sí 'Ẹ máa fọ̀ ọ́.' Ẹ mọ̀ pé Yorùbá mi ò dáa."

Ìbínú Dádì rọ̀. "Ẹ̀bi mi ni," ó ní. "Èmi ni mi ò kọ́ ọmọ mi lédè. Àwọn ehoro ò lọ mọ́." Ó wá kọjú sí Dámi. "Ìwọ tó o gbọ́ èdè, ṣé o ò mọ ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀ ni? O ò lè fi Pidgin sọ ọ́? Mi ò fẹ́ rí ọwọ́ rẹ lára ehoro wọ̀nyí mọ́."

Dámi wo Eunice. Eunice mọ̀ pé ó rántí pé Pidgin lòun fi sọ ọ́. Ó ń retí kó lanu tú àṣírí, ṣùgbọ́n Dámi kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Dádì. Èmi ni mi ò sọ ọ́ kó yé wọn."

Gbogbo ohun tí Eunice ń wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ báyìí. Súgà ò lọ mọ́, Dámi ti tẹ́, Dádì sì ń káàánú rẹ̀. Kó ṣáà panu mọ́ ló kù. Ṣùgbọ́n ìtìjú bò ó, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa, Dádì. Pidgin ló fi sọ ọ́, ó sì yé mi. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ fọ̀ ọ́ ni. Òun lẹ̀ ń pè ní ìyá yín. Èmi ńkọ́?"

Dádì kọ́kọ́ kọjú sí Dámi. Ó fa Dámi dìde, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sóun. Lẹ́yìn náà ló wo Eunice.

"Ìyá mi ti kú, Eunice. Ojú ẹ̀ ni Dámi gbé wá sáyé. Ìwọ, ọmọ mi ni mò ń pè ọ́. Ta lo tún gbọ́ tí mò ń pè bẹ́ẹ̀ nílé yìí?"

Eunice fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"O ṣeun tó o sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Mi ò lè pe èèyàn láti Oyigbo kí n ní kó padà lọ́wọ́ òfìfo nítorí irọ́. Ọ̀kan á bá a lọ. Bísíkíìtì á kù, Dámi ló sì ni ín."

Súgà ló lọ. Dagogo rí omijé ọmọ náà, ó ní, "No cry, my pikin. This one na woman, I no go sell am. She go born for me." Ìyẹn tu Eunice nínú díẹ̀, ṣùgbọ́n Súgà ṣì ń fi ọwọ́ ha àgò bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde.

Dámi gbé Bísíkíìtì wá fún un kó gbé e dání. Eunice mi orí. "Tìẹ ni," ó ní. "Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to abọ́ ẹ̀, mi ò ní fọ̀ ọ́."

Ẹni tó ń jowú rò pé nǹkan ẹlòmíì lòun ń bà jẹ́. Tara rẹ̀ ló ń bà jẹ́. Ó yé Eunice dáadáa lọ́jọ́ náà, àmọ́ ọkọ̀ Dagogo ti gba ọ̀nà Oyigbo lọ.