Àwọn Ajá Tó Gbọ́ Inú Àwẹ̀ró

Ọjọ́ tí àwọn ajá Àwẹ̀ró parọ́ fún gbogbo ìlú, kò sí ilé tí ọbẹ̀ rẹ̀ ò jóná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ìlú tó jẹ́ fún yín. Abẹ́dígí ni wọ́n ń pè é, orí Ayé Pupa ló wà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tó bá ọkọ̀ òfuurufú lọ tẹ̀dó sí. Níta ìlú náà, kò sí afẹ́fẹ́ tí ènìyàn lè mí, eruku àti òtútù nìkan ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi dígí ńlá bo ìlú látòkè délẹ̀, tí ẹ̀rọ-èémí sì ń pèsè afẹ́fẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí dígí náà bá sán níbì kan, afẹ́fẹ́ á máa sá jáde, ìró rẹ̀ á sì tín-ín-rín débi pé etí ènìyàn ò lè gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ pàápàá kì í gbọ́ ọ. Ajá tó bá wà nítòsí ló ń gbọ́ ọ. Bí ajá kan bá ti gbó, ajá ilé kejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí tí gbígbó náà á fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ dígí, gbogbo ìlú á sì sá wọ yàrá ààbò.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àwọn ajá Àwẹ̀ró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbó pọ̀. Ìlú dà rú. Arúgbó ń sáré, aláboyún ń sáré, ẹni tó ń wẹ̀ fi ọṣẹ lójú jáde. Wọ́n jókòó sínú yàrá ààbò títí òógùn fi bò wọ́n, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wá sọ pé kò sí ibi tó ń jò. Kí làwọn ajá wá rí? Tinúọlá ni wọ́n rí o! Tinúọlá ló ń ti oko orí-omi bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ sójú omi, ayọ̀ pé ó ti dé ni wọ́n fi ń pariwo bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn gan-an ló ká Àwẹ̀ró lára. Ká ní eku ni wọ́n rí, ì bá rọjú.

Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ni Tinúọlá. Agboolé kan náà ni wọ́n ń gbé, ògiri kúkúrú kan ló wà láàárín àgbàlá wọn. Awakọ̀ òfuurufú ni ọkọ àwọn méjèèjì, wọn kì í sí nílé. Kí Tinúọlá tó dé, Àwẹ̀ró ni gbogbo ilé ń pè. Ọbẹ̀ rẹ̀ ni Bàbá Ládùnjoyè, baba ọkọ wọn, máa ń bèèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin yìí fi máa lo ọdún kan, Bàbá ti ń ṣí ìkòkò wò, á ní, "Ta ló se èyí?" Bó bá jẹ́ ti Àwẹ̀ró, á ní, "Ó dáa náà." Ó dáa náà! Obìnrin tó ti ń bọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́! Ara ta Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ sọ? Tinúọlá ò ṣẹ̀ ẹ́. Ńṣe ni yóò kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, tòun ti ọmọ rẹ̀ Àrẹ̀mú lẹ́yìn.

Àwẹ̀ró bá ṣe ohun tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe tipẹ́, ó fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀. Ó pe àgbà inú wọn ní Ṣebíwọ́nní, nítorí wọ́n ní Tinúọlá mọ ilé tọ́jú ju òun lọ. Ó pe èkejì ní Kòkànyín, ó pe ẹ̀kẹta ní Ẹ̀yinlẹmọ̀. Abo kékeré tó fẹ́ràn jù, ó pè é ní Ódùnwọ́n, kí ẹni tó ń gbọ́ lè mọ̀ pé ire tòun ń dun àwọn kan. Láràárọ̀ á dúró sẹ́bàá ògiri, á gbé ohùn sókè: "Ódùnwọ́n! Ódùnwọ́n o! Ṣé o ò gbọ́ ni?" Tinúọlá á dáhùn lódì kejì pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ìyálé mi." Àwọn ajá á sì fi Àwẹ̀ró sílẹ̀ tòun ti abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, wọ́n á fo ògiri lọ bá Tinúọlá.

Àwọn ajá ọ̀hún ò tiẹ̀ gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń jí ẹja, wọ́n ń hú ẹ̀fọ́, wọ́n ń bá ara wọn jà nídìí abọ́. Nígbà tí ti irọ́ tún wá kún un, ìgbìmọ̀ ìlú kìlọ̀ pé bí wọ́n bá tún ṣe é, àwọn á kó wọn sínú ọkọ̀ ẹrù, wọ́n á gbé wọn lọ. Ajá tó bá wọ ọkọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ń gbúròó rẹ̀ mọ́. Àyà Àwẹ̀ró já. Òun ló fi ìka bu wàrà sí wọn lẹ́nu nígbà tí wọn ò tí ì lajú. Ó bá ránṣẹ́ sí Ọ̀mọ̀wé Akínlúyì, ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ fún àwọn ohun ẹlẹ́mìí.

Ọ̀mọ̀wé gbé ẹ̀gbà ọrùn mẹ́rin sórí tábìlì níwájú Bàbá Ládùnjoyè. Wọ́n fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà.

"Gbọ́nú ni mo pè é," ó wí. "Ẹ ò ní na ajá mọ́, ẹ ò sì ní pariwo. Ẹ̀gbà yìí ń gbọ́ ohùn ẹni tó ni ajá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu o, ohun tó wà nísàlẹ̀ ohùn ni. Bí ajá bá ṣe ohun tó dùn mọ́ yín nínú, ẹ̀gbà á rán adùn sí ọpọlọ rẹ̀. Bó bá ṣe ohun tó bí yín nínú, á tọ́ ìkorò wò. Kò ní pẹ́ tí wọn á fi máa ṣe ohun tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó sọ ọ́."

Bàbá mú ẹ̀gbà kan, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Èmi náà ti tọ́ ajá rí, Ọ̀mọ̀wé. Ẹnu ni mo fi kọ́ ọ. Mo ní jókòó, ó jókòó. Kí ló wá gbé ajá dé inú ènìyàn?"

"Bàbá, ẹnu máa ń parọ́. Ẹ̀rọ yìí ń kọjá ẹnu."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ohun tó wà nínú mi tí mi ò sọ, mo mọ ìdí tí mi ò fi sọ ọ́."

Ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Bàbá, ajá lásán là ń sọ. Ẹ̀yin àgbà kì í fẹ́ nǹkan tuntun."

 Bàbá yíjú sí Àwẹ̀ró. "Ìyàwó mi, ohun tó wà nínú rẹ, ṣé ó ṣeé kọ́ ajá?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Àwẹ̀ró lọ́kàn. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé bó bá ṣe Tinúọlá ni, wọn ò ní bi í bẹ́ẹ̀. "Ajá mi ni, Bàbá," ó wí, ó sì na ọwọ́ gba àwọn ẹ̀gbà.

Háà, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́! Kí oṣù náà tó parí, ajá ò jí ẹja mọ́. Bí Àwẹ̀ró bá gbé abọ́ wá, wọ́n á tò, oníkálùkù á dúró de tirẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń wá wòran. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mọ́ Àwẹ̀ró jù ni ọjọ́ tí Tinúọlá pe Ódùnwọ́n láti ẹ̀yìn ògiri, tí Ódùnwọ́n gbọ́, tó wo ọ̀hún fìrí, tó sì yí ìdí sí i. Inú Àwẹ̀ró dùn débi pé ó kọrin. Ẹ̀gbà gbọ́ orin náà.

Látọjọ́ náà, ayé sú Tinúọlá díẹ̀díẹ̀. Bó bá sá aṣọ, á bá a nílẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan á sọnù, ìkejì á di jíjẹ. Ó pa á mọ́ra. Lọ́jọ́ tí ìkòkò ọbẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ajá ló sáré wá bá Àwẹ̀ró, ìrù wọn ń jó. "Kí ló dé, ẹ̀yin ọmọ mi?" ó bi wọ́n, ó sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí òun náà ti gbọ́ ìró ìkòkò.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan. Àwẹ̀ró wà nílé ìdáná, ó ń gé orí ẹja fún wọn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé wẹ́rẹ́, wọ́n tò síwájú rẹ̀, wọ́n jókòó. Wọn ò gbó. Ìrù wọn ń gbá ilẹ̀, ojú wọn ń dán bíi ti ọmọ tó gba ipò kìíní nílé ìwé.

"Kí lẹ mú wá fún mi?" Ó fún oníkálùkù ní orí ẹja. "Ọmọ dáadáa ni yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọyì mi nílé yìí."

Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún jókòó. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo ojú rẹ̀. Wọ́n tún wo ògiri.

Etí Àwẹ̀ró ṣàdédé dí. Ó gbé itọ́ mì, etí là, ó tún dí. Ó rí i tí ìdérí ìkòkò ń gbọ̀n láìjẹ́ pé iná wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wá wo etí àwọn ajá: gbogbo rẹ̀ ló nà, tó kọjú sí yàrá Tinúọlá. Wọ́n ń gbọ́ ìró afẹ́fẹ́ tó ń jò! Wọ́n ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, ìròyìn ayọ̀ ni wọ́n sì mú wá fún òun.

"Yéè! Mo gbé!"

Ó ju ọ̀bẹ nù, ó fo ògiri. Ilẹ̀kùn yàrá Tinúọlá ti ti ara rẹ̀ pa, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, kí afẹ́fẹ́ ilé tó kù má baà bá ti yàrá tó ń jò jáde. Ẹ̀ṣọ́ nìkan ló lè ṣí i. Láti ojú dígí kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn, ó rí Tinúọlá nílẹ̀, tó fẹnu ko Àrẹ̀mú lẹ́nu, tó ń fún un ní èémí tirẹ̀.

"Ẹ gbó!" Àwẹ̀ró kígbe sí àwọn ajá. "Ẹ gbó! Mo ní kí ẹ gbó!"

Wọ́n wò ó, wọ́n ń ju ìrù. Ẹnu rẹ̀ ń ní kí wọ́n gbó, ṣùgbọ́n gbogbo adùn tí wọ́n ti ń tọ́ wò bọ̀ ń ní kí wọ́n dákẹ́. Àwẹ̀ró na Ṣebíwọ́nní, ó mi Ódùnwọ́n jìgìjìgì, kò sí èyí tó yanu.

Ó bá gbórí sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbó fúnra rẹ̀. Ìyálé ilé, abiyamọ tó ti ní ọmọ àgbà, ló wà lórí ìkúnlẹ̀ tó ń gbó bí ajá, gèlè rẹ̀ já bọ́, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbó títí ohùn rẹ̀ fi ha. Ajá ilé kejì gbà á. Ti ilé kẹta gbà á. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú ń hó, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ sì dé pẹ̀lú àlẹ̀mọ́ dígí.

Wọ́n yọ wọ́n láàyè. Àrẹ̀mú sunkún, gbogbo ènìyàn dúpẹ́. Ṣùgbọ́n etí ọ̀tún Tinúọlá ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀mọ̀wé Akínlúyì bọ́ àwọn ẹ̀gbà lójú gbogbo agboolé, ó so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ tó fi ń kà wọ́n. Ó kà á, ó tún un kà. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbà ò bàjẹ́," ó wí.

"Bí kò bá bàjẹ́, kí ló dé tí wọn ò gbó?" Bàbá bi í.

"Nígbàkígbà tí nǹkan bá ṣe Tinúọlá, ayọ̀ ló máa ń wà nísàlẹ̀ ohùn ẹni tó ni wọ́n. Ohun tí wọ́n kọ́ nìyẹn, Bàbá." Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ sọ ọ́ fún mi, mo fi ṣẹ̀rín."

Gbogbo ojú yí sí Àwẹ̀ró. Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Tinúọlá, òun tó jẹ́ ìyálé. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ìwọ ni mo fi orúkọ wọn bá wí.

Tinúọlá yí ọrùn. "Ẹ má bínú, ìyálé mi, mi ò gbọ́. Ẹ bá mi sọ ọ́ sí etí òsì, kó sì ròkè."

Àwẹ̀ró bá pariwo rẹ̀. "Mo ń jowú rẹ! Ìwọ ni mo fi orúkọ ajá bú!"

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Tinúọlá wí. "Mo mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n ni mo ti mọ̀. Ṣé Yorùbá ni mí àbí kí ni? Ṣùgbọ́n àwọn ajá ò mọ̀ pé èébú ni orúkọ àwọn. Mo bá ń pè wọ́n bí mo ṣe ń pe Àrẹ̀mú."



Ìgbìmọ̀ ìlú ní ajá tí kò lè gbó ò lè gbé Abẹ́dígí. Wọ́n kó wọn lọ sí gbàgede láti dán wọn wò, láìsí ẹ̀gbà lọ́rùn wọn. Ẹ̀ṣọ́ ṣí ọ̀pá afẹ́fẹ́ kan kó máa jò bíi dígí tó sán. Àwẹ̀ró bẹ àwọn ajá pé kí wọ́n gbó, ó fún wọn ní orúkọ tuntun, ó pè wọ́n ní Ayọ̀, ó pè wọ́n ní Àánú. Wọ́n tò síwájú rẹ̀, wọ́n ń ju ìrù, ẹnu wọn pa dé. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ti ń sún mọ́ wọn bọ̀.

Tinúọlá bá jáde. "Ódùnwọ́n!" ó pè. "Ódùnwọ́n ọmọ mi, dìde o!"

Ajá náà wo Àwẹ̀ró, ó wo Tinúọlá. Ó dìde, ó gbó ẹyọ kan, ó tún gbó. Àwọn yòókù bá gbà á.

Báyìí ni wọ́n ṣe dá wọn sí, àmọ́ ọ̀dọ̀ Tinúọlá ni wọn ó máa gbé. Àwọn àgbà ìlú sì sọ fún Àwẹ̀ró pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ajá wọ̀nyẹn gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ títí ayé, kí ẹ̀kọ́ àtijọ́ má baà jí nínú wọn.

Òun ló ṣì ń se oúnjẹ wọn. Nírọ̀lẹ́, á gbé abọ́ orí ẹja lé orí ògiri láìsọ nǹkan kan, á sì jókòó sẹ́yìn ògiri. Tinúọlá á wá máa pè wọ́n, ohùn rẹ̀ ròkè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí kò gbọ́ ara rẹ̀ dáadáa mọ́. "Ṣebíwọ́nní! Kòkànyín! Ẹ̀yinlẹmọ̀!" Àwẹ̀ró á gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn, bí wọ́n ṣe ń sáré lọ bá ẹni tó ń pè wọ́n. Ṣé ẹ rò pé owú náà ti tán? Kò tán o. Ó ń jó o bí ata ojú.

"Ódùnwọ́n! Ódùnwọ́n o!"

Àwẹ̀ró á fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀, kí ajá má baà gbọ́ ọ. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti máa ń dáhùn pé, "Ó dùn mí."