Aago Rẹ̀ Ka Ọgọ́rin

Akíndàmọ́lá kì í mutí. Kì í tẹ̀lé obìnrin olóbìnrin, kò sì so oògùn mọ́ra rí. Ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, òun ni í dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí í fi àlejò sí àga. Bí o bá ń wá irú ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ìwé ìhìnrere máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, o lè rò pé o ti ṣi ilé yà. Rọra kà á. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtàn yìí.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó máa kó páìpù àti òṣìṣẹ́ láti Ajah lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ ní Lẹ́kkí Free Zone. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ńlá kan tó lágbára ló fi ń ṣe é. Ọkọ̀ náà kò ní àbùkù kankan. Ṣùgbọ́n Adésànyà, tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, lọ gbé ọkọ̀ tirẹ̀ sókè lórí táyà gàgàrà. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́nu géètì láàárọ̀, Adésànyà á yọ orí láti òkè, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìyẹn? Mo rò pé kẹ̀kẹ́ Màrúwà ni." Àwọn òṣìṣẹ́ á bú sẹ́rìn-ín. Akíndàmọ́lá náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dé inú.

Ó tọ Ọdúnjọ lọ, fọkanáísà kan ní Awoyaya tí í ta táyà àti ríìmù. Àgbàlagbà ni Ọdúnjọ, ọmọ àwọn apẹja etí ọ̀sà, ara ìjọ aláṣọ funfun. Ó ní táyà ínṣì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni kí Akíndàmọ́lá rà, èyí tí eyín rẹ̀ kò gùn jù, nítorí ó máa gba orí yanrìn, ó sì máa gba ọ̀nà ọlọ́dà. Akíndàmọ́lá na ọwọ́ sí ti márùndínlógójì tó wà lókè.

Ọdúnjọ ṣàlàyé fún un. Ó ní wọ́n á ní láti gbé ara ọkọ̀ náà sókè, kí wọ́n sì gé ike tó bo òkè táyà dànù. Ó ní táyà náà wúwo, bíréèkì kò ní tètè mú un mọ́. Ó wá ní aago tó ń ka eré máa bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́, nítorí pé táyà tí ọkọ̀ náà gbé wá láti ilé iṣẹ́ ni aago fi ń ṣírò. Bí táyà bá ti tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyípo kan á gbé ọkọ̀ jìnnà ju bí aago ṣe mọ̀ lọ. Aago á ka ọgọ́rin, ọkọ̀ á máa sá àádọ́rùn-ún. Ó ní kí ó wá ẹni tí yóò tún aago náà tò kí ó tó gbé ọkọ̀ dé ojú ọ̀nà márosẹ̀.

"Bàbá, ṣé táyà lẹ̀ ń tà ni, àbí ìwàásù?"

"Méjèèjì ni," ni Ọdúnjọ dáhùn. "Táyà làwọn èèyàn ń rà jù."

Akíndàmọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó dè é. Ọdúnjọ dè é. Ó to táyà àtijọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní bóyá ó ṣì máa padà wá béèrè wọn.

Adésànyà kò fi í ṣẹ̀sín mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà ti ń sọ̀rọ̀. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn rẹ̀ tó bá fẹ́ yà, táyà á máa ha irin, òórùn rọ́bà á gba inú ọkọ̀. Ní ọjọ́ kan lẹ́bàá Jakande, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ náà kò dúró níbi tó ní kó dúró; ìwọ̀n ọwọ́ kan ló kù kí ó gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kan. Ó ní ọ̀nà ló ń yọ̀. Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó tún kíyè sí i pé òun ń tètè dé ibi iṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni eré tí aago ọkọ̀ ń kà kò yí padà. Ó yẹ kí ó rántí ọ̀rọ̀ Ọdúnjọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run ń la ọ̀nà fún òun. Ìjọ sì bá a yọ̀.

Ní ọjọ́ Túsìdeè kan, tí oòrùn kò tíì wọ̀, ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ní Awoyaya, ọ̀dọ́mọbìnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ó dúró létí ọ̀nà, ó wò, ó jẹ́ kí ọkọ̀ méjì kọjá. Ó rí píkọ́ọ̀pù náà lọ́ọ̀ọ́kán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá. Akíndàmọ́lá rí i, ó sì tẹ bíréèkì. Ojú rẹ̀ lọ sí aago. Aago ka ọgọ́rin.

Orúkọ ọmọ náà ni Rẹ̀míláyọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Èmi ni mo bí i.

N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ojú ọ̀nà yẹn.

Akíndàmọ́lá sọ fún ọlọ́pàá pé ọgọ́rin ni òun ń sá, pé ọmọ náà já lu ọ̀nà. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ariwo ló jẹ́ kí wọ́n yíjú, òpin rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n ní kí ó máa lọ, kí ó gbé ọkọ̀ náà wá fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ tù ú nínú pé kò jẹ̀bi. Àwọn tó wá bá èmi náà kẹ́dùn ikú ọmọ mi ní ilé wa ní Jakande ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í wo ọ̀nà. Ọmọ mi máa ń wo ọ̀nà. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ẹ̀rí baba gbọ́ lórí ọmọ rẹ̀?

Ní ọ̀sán Sátidé, Akíndàmọ́lá wa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Ọdúnjọ. Ó ní kí ó bá òun dá táyà àtijọ́ padà sí i kí ọjọ́ Mọ́ńdè tó pé.

Ọdúnjọ wọ inú ọkọ̀, ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú àwọn méjèèjì, irú èyí tó ń ka eré láìwo táyà, ó ní kí ó máa wà á lọ. Nígbà tí ọ̀nà ṣófo níwájú wọn, tí aago sì dé ọgọ́rin, ó ní kí ó wo fóònù. Àádọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀.

"Mi ò parọ́ fún ọlọ́pàá," ni Akíndàmọ́lá wí. "Ohun tí mo rí ni mo sọ."

"Ẹ ò parọ́ lóòótọ́. Aago ló parọ́. Ẹ sì ti mọ̀ pé òpùrọ́ ni kí ọjọ́ náà tó dé."

Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọdúnjọ gbé jáàkì jáde, ó tì í sí abẹ́ ọkọ̀, ó wá fi í sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣòwò, ọ̀gá ló máa ń pè é. Orúkọ rẹ̀ ló pè lọ́jọ́ yìí.

"Akíndàmọ́lá, ọwọ́ mi ló de táyà yìí. Mo mọ ohun tó lè ṣe, mo sì dè é, torí pé o ní kí n dè é. Láti ọjọ́ Wẹ́sìdeè tí mo ti gbọ́ ni mo ti ń dojú bolẹ̀. Mo ti ké pe Jésù lórí apá tèmi. Apá tìrẹ ń bẹ lọ́rùn rẹ. Bí mo bá dá ti àtijọ́ padà, àwọn ọlọ́pàá ò ní rí i. Ọlọ́run ńkọ́?"

Akíndàmọ́lá ní láti kékeré ni òun ti ń sin Ọlọ́run, gbogbo ìjọ ló mọ òun lẹ́nu ọ̀nà.

"O ń fi àlejò sí àga," ni Ọdúnjọ wí. "Ìwọ fúnra rẹ ò tíì wọlé."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un. Ó jókòó lórí ọ̀kan nínú àwọn táyà àtijọ́ náà. Ọjọ́ Túsìdeè nìkan kọ́ ló rí mọ́. Ó rí ogójì ọdún. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń wo ara rẹ̀ tó ń sọ pé n kò mutí, n kò jalè, mo sàn ju lágbájá lọ. Kò sí ọjọ́ kan tí ìwọ̀n tó fi ń wọn ara rẹ̀ dá a lẹ́bi. Ẹ̀rù bà á, ó sunkún. Ó bẹ Jésù Kristi, ẹni tó kú fún àwọn apànìyàn pẹ̀lú, kí ó ṣàánú òun. Ọdúnjọ kúnlẹ̀ tì í nínú yanrìn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan táyà ọkọ̀ náà mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, kò sí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé mi ló wá. Ó sọ ẹni tí òun í ṣe, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ọmọ yín ò já lu ọ̀nà. Ó dúró, ó wò, ó ṣírò ọkọ̀ mi bó ṣe yẹ kí èèyàn ṣírò ọkọ̀. Èmi ni mo sáré ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣírò lọ. Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi."

N kò fún un ní àga. Mo ní kí ó tún un sọ, kí ó gbóhùn sókè, kí ìyá ọmọ náà tó wà ní yàrá lè gbọ́. Ó tún un sọ.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó gbé ọkọ̀ náà lọ pẹ̀lú táyà gàgàrà yẹn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì yí ọ̀rọ̀ tó ti kọ sílẹ̀ padà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ó ti ya wèrè. Adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ó lò ó pé. Mo ti dárí jì í. N kò ní tàn ọ́: kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi yẹn ni. Òjò ọdún kan rọ̀ kọjá, ti èkejì bẹ̀rẹ̀, kí n tó lè pe orúkọ rẹ̀ nínú àdúrà.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, bóyá ìwọ náà kì í mutí. Bóyá wọ́n mọ̀ ọ́ dáadáa nílé Ọlọ́run. Kí lo fi ń wọn ara rẹ? Ìwọ lo yàn án, kò sì dá ọ lẹ́bi rí. Bóyá ò ń dúpẹ́ pé ọ̀nà ń là fún ọ, nígbà tó jẹ́ pé eré ìparun lò ń sá. Ọlọ́run kò ní bi ọ́ léèrè ohun tí o rí nínú ìwọ̀n tìrẹ. Ó ní tirẹ̀. Jẹ́wọ́. Má fi ohunkóhun pamọ́ de ọjọ́ àyẹ̀wò. Jésù kò lé ẹni tó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ padà, kò sì ní lé ìwọ náà.

Rẹ̀míláyọ̀ kò ráyè gbàdúrà lójú ọ̀nà yẹn. Àkókò tó wà níbẹ̀ kò tó láti pe orúkọ kan tán. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó kúnlẹ̀ ní pálọ̀ wa, tó fi ara rẹ̀ fún Kristi. Ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà ló bá a lọ. Ìwọ ní ohun tí kò ní: o ní àkókò. Bó ti pọ̀ tó, n kò mọ̀, ìwọ náà kò sì mọ̀.

Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn.