Kí Iná Tó Dé Sínú Omi

Bí o bá gbé ní Sango-Ọ̀tà ní ọdún wọ̀nyẹn tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń dìde káàkiri, ó ṣeé ṣe kí Dúrójaiyé ti so iná sí ilé rẹ rí. Ọmọ Ìkìrun ni. Ilé iṣẹ́ irin ló gbé e wá sí Ọ̀tà, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́lé sí Ìjù, ó fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó di oníṣẹ́ iná tó dá dúró.

Iṣẹ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá jù ú lọ. Gbẹ́rẹ́ wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, tí bàbá kan sín fún un kí iná má baà lè gbé e. Nítorí náà kò ní tẹ́sítà. Bó bá so iná tán, ọwọ́ ló fi ń dán an wò lójú oníbàárà, á sì máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Wọn kò wo bàtà rọ́bà tó nípọn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òun náà kò sì rò ó rí pé bàtà ló ń gbà á, kì í ṣe gbẹ́rẹ́.

Alàgbà Ṣótúndé, tó ń ta páànù ní Sango, gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ìjù, ó sì pe Dúrójaiyé pé kó wá fi iná sínú rẹ̀. Babájídé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ irin, tó ti di onígbàgbọ́, yà kí i níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Dúró, omi kì í ṣe ògiri o," ni Babájídé wí, bó ṣe máa ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú. "Iná inú púùlù, ẹ̀rọ la fi ń dín agbára ẹ̀ kù kó tó wọ omi. Àkàbà irin yìí àti gbogbo irin etí omi, so wọ́n pọ̀ mọ́ wáyà tó wọlẹ̀. Kó o sì fi bíréékà tó máa ń já fúnra ẹ̀ sí i, tó jẹ́ pé bí iná bá jò díẹ̀ báyìí, á ti gé e."

"Ìwọ àti ẹ̀rù," Dúrójaiyé dáhùn. "Ṣé Jésù ẹ ló ń kọ́ ẹ níṣẹ́ iná báyìí?"

"Òun ló kọ́ mi pé ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe ohun eré."

Dúrójaiyé kò ṣe ọ̀kankan. Iná ilé lásán ló fà tààrà wọ inú omi, téèpù ló fi dì í níbi tó ti so ó. Ó ki ọwọ́ bọ omi pẹ̀lú bàtà rọ́bà rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ó ti dáa." Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Iná ni èyí dà síwájú tirẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, Fàlílù tó ń ṣọ́ géètì Alàgbà pè é lórí fóònù. "Ọ̀gá, mo ń fọ àkàbà yẹn ni, nǹkan bù mí jẹ lọ́wọ́."

"Ẹ̀jẹ̀ ẹ ló fúyẹ́," ni Dúrójaiyé wí, ó sì pa fóònù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi: ó mọ̀. Bó bá padà lọ tú iṣẹ́ náà, a jẹ́ pé gbẹ́rẹ́ rẹ̀ kò jẹ́, a jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ti ń parọ́ ọjọ́ pípẹ́. Ó jẹ́ kó máa wà bẹ́ẹ̀.

Ní àsìkò yìí, Fẹ́yìsetán ìyàwó rẹ̀ ti gba Jésù gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí Babájídé ti ń ṣe díákónì ní Joju. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò tíì ní ibi ìrìbọmi, ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ sì ti ba odò àgbègbè náà jẹ́, ó ń hó, ó ń rùn. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Fẹ́yìsetán wọ aṣọ funfun.

"Bàbá Tẹjú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Òní ni wọ́n máa rì mí bọmi."

"Máa lọ," ó dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Kò béèrè ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é.

Oòrùn ti mú nígbà tí Babájídé pè é. "Dúró, máa bọ̀ wá wo ìyàwó ẹ. Alàgbà Ṣótúndé ti yọ̀ǹda púùlù ẹ̀ fún wa. Mo mọ̀ pé o ṣe é bí mo ṣe sọ, ọkàn mi balẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí Dúrójaiyé sọ: ẹ má wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, wọn á bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Mò ń bọ̀," ó sì gun ọ̀kadà. Lójú ọ̀nà, ẹ̀rù borí ìtìjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí pè wọ́n. Gbogbo wọn ti pa fóònù nítorí àdúrà.

Nígbà tó wọlé, wọ́n ń kọrin. Fẹ́yìsetán àti Babájídé wà nínú omi dé àyà. Iná kò sí láti àárọ̀. Dúrójaiyé mí kanlẹ̀, ó yọ́ lọ sí yàrá ẹ̀rọ omi níbi tí suwíìṣì wà, kó lè gé e kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nígbà yẹn pàápàá, orúkọ rẹ̀ ló ṣì ń dáàbò bò. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn náà pa.

Ibẹ̀ ló wà tí àwọn ọmọ àdúgbò fi hó fún ayọ̀: "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Iná ti dé.

Ó yíjú padà. Ọwọ́ Fẹ́yìsetán wà lára àkàbà. Ara rẹ̀ ti gan, ẹnu rẹ̀ là, kò sí ohùn níbẹ̀. Babájídé náà gan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ará fẹ́ bẹ́ sómi, Dúrójaiyé na apá méjèèjì dí wọn.

"Ẹ má wọ̀ ọ́. Iná wà nínú ẹ̀. Èmi ni mo fi síbẹ̀."

Alàgbà sáré lọ mú kọ́kọ́rọ́. Dúrójaiyé na ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ gbẹ́rẹ́, sí ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bó bá kàn án, òun náà á kú. Ìyàwó rẹ̀ ń kú níṣojú rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fà á, ọwọ́ náà kò sì wúlò fún nǹkan kan. Ó wó lulẹ̀ lórí orúnkún.

"Jésù tí Fẹ́yìsetán ń pè, ọwọ́ mi ò ká a. Gbà á."

Iná lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Ọ̀tà náà ni, wọ́n á mú un wá, wọ́n á mú un lọ. Lẹ́yìn ògiri, ẹnìkan ń ṣépè fún àwọn tó mú iná lọ. Dúrójaiyé bẹ́ sómi, ó gbé ìyàwó rẹ̀ jáde, àwọn ará gbé Babájídé. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ dé, ó gé wáyà náà. Kò tíì kúrò ní yàrá yẹn tí iná tún fi dé.

Àwọn méjèèjì kò kú. Ní ọsibítù, Fẹ́yìsetán sùn pẹ̀lú báńdéèjì ní àtẹ́lẹwọ́, Babájídé kò sì lè di ife mú. Dúrójaiyé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Babájídé, ó ń sunkún.

"Mo jẹ́ kó o gbà pé mo ṣe é bó o ṣe sọ, Babájídé, irọ́ ni. Ṣé ìdáríjì wà fún irú mi?"

"Ta ló mú iná lọ?"

"Èmi kọ́."

"Kí lo ṣe kó tó lọ?"

"Mo kàn ké ni."

"Bó ṣe rí náà nìyẹn, Dúró. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti ṣe èyí tó kù."

Ibẹ̀ ló ti ké pe Olúwa fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, Olúwa sì gbà á. Lẹ́yìn náà ó tú gbogbo iṣẹ́ adágún yẹn palẹ̀, ó tún un ṣe bí Babájídé ṣe sọ. Ó ra tẹ́sítà. Ó lọ bá Fàlílù lẹ́nu géètì, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n wá ri òun àti Fẹ́yìsetán bọmi níbẹ̀, obìnrin náà dúró létí omi pẹ́ kó tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kò sì sẹ́ni tó kán an lójú.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, kí ni gbẹ́rẹ́ tìrẹ? Ṣé owó ni, àbí ìwé ẹ̀rí yunifásítì, àbí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tí o ń jẹ́ láìmọ Olúwa tó ni ín? Nǹkan ti bù ọ́ jẹ rí, o sì ní kò sí nǹkan. Ìwọ náà mọ̀.

Inú omi lo ṣì wà. Iná kò sí, omi dákẹ́, o rò pé ewu ti lọ. Àánú Ọlọ́run ni, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí iná yóò dé. Ọwọ́ rẹ kò lè gé e. Níbi tí o wà yìí, sọ fún Jésù pé ọwọ́ rẹ kò ká a. Jáde wá lónìí, kí iná tó dé.