Ọjọ́ Tí Apàṣírímọ́ Yadi

Ní òwúrọ̀ tí ìgbìmọ̀ Ìlú Òṣùpá pe ẹ̀rọ Apàṣírímọ́ wá jẹ́rìí, gbólóhùn kan péré ló sọ: "N kò rántí ohunkóhun mọ́." Bí iṣẹ́ ogójì ọdún ṣe parẹ́ nìyẹn, lójú gbogbo ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà fún yín, nítorí orúkọ rẹ̀ máa ń wú mi lórí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbíwùmí Ògúnṣakin ni, àgbà onímọ̀ ìwà ọ̀daràn. Ní Òṣùpá, kò sí afẹ́fẹ́ níta, afẹ́fẹ́ inú àgbá là ń mí. Ẹni tó bá jí i, ẹ̀mí ló jí. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi gíláàsì ojú halẹ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Ìbíwùmí ń lọ ní tirẹ̀. "Báwo lo ṣe jí i? Kí ló mú ọ jáwọ́?" ló máa ń bi àwọn olè. Irinwó ó lé méjìlá ènìyàn ló sọ tẹnu wọn sínú Apàṣírímọ́, ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì búra fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pé òun kò ní dárúkọ rẹ̀ láéláé. Ọgbọ́n tó kọ́ lẹ́nu wọn la fi tún páìpù afẹ́fẹ́ ìlú ṣe, olè afẹ́fẹ́ sì di ohun ìtàn.

Àfi ìgbà tí wọ́n tún jí afẹ́fẹ́ ilé ìwòsàn, tí ọmọ mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Inú bí Baálẹ̀ Fámúyìwá, ó sì ránṣẹ́ pe Ìbíwùmí.

"Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀kan nínú àwọn olè yín ni. Ẹ kó orúkọ wọn wá."

"Baálẹ̀, mo ti sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà jí i. Ẹ pààrọ̀ ọmọrí páìpù kẹta, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

"Orúkọ là ń bèèrè, Màmá! Lọ́la, ẹ̀rọ yín yóò sọ ọ́ níwájú ìlú."

"Ẹyin lohùn, Baálẹ̀. Bó bá balẹ̀, kò ṣe é kó mọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ẹ̀rọ yadi, Baálẹ̀ fò dìde.

"Kí lẹ ṣe sí ẹ̀rọ yìí?"

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa gbogbo rẹ̀ rẹ́," ni Ìbíwùmí dáhùn.

Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gba oyè ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ ọmọrí páìpù kẹta ṣá o, láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò jí afẹ́fẹ́ mọ́.

Ohun tí Baálẹ̀ kò mọ̀ títí dòní ni pé, ohùn àkọ́kọ́ tó wọ inú ẹ̀rọ náà, ohùn ìyá tó bí Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ó jí afẹ́fẹ́ nígbà tí Baálẹ̀, ọmọ rẹ̀ jòjòló nígbà náà, kò lè mí dáadáa mọ́. Ìbíwùmí ìbá sọ ọ́ níwájú ìlú, oyè rẹ̀ ìbá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó mú ìwé òfìfo kan, ó sì gba ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ.