Ìyá tí Alàgbà Micah Sẹ́ ní Ọjọ́ Ìrántí

Ṣé o ti sẹ́ ẹni tí ó tọ́ ọ dàgbà rí? Má tíì dáhùn. Gbọ́ ìtàn Alàgbà Micah Bọ́dúnrìn ná.

Òun ni alága ìgbìmọ̀ iléèwé ìjọ kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, lójú ọ̀nà Ibefun. Iléèwé aládàáni ni, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti kọ́lẹ́ẹ̀jì pa pọ̀, pẹ̀lú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti bọ́ọ̀sì funfun. Bí o bá rí i lónìí, o kò ní mọ̀ pé abẹ́ àtíbàbà ìdín-gàrí ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Opó kan tí ń jẹ́ Mọ́ṣádé ni ó ni àtíbàbà náà. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí ń bá ìyá wọn bó ẹ̀gẹ́ kò lọ síléèwé, ó sì bẹ katikíìsì ìjọ pé kí ó máa wá kọ́ wọn níwèé láàárín èéfín. Òbí tí kò bá lówó, ẹ̀gẹ́ ni yóò gbé wá. Nígbà tí ìjọ fẹ́ kọ́ kíláàsì àkọ́kọ́, Mọ́ṣádé gé nínú ilẹ̀ rẹ̀ fún wọn. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fi máa ń mu gàrí pọ̀ lórí ìdúró ní gbogbo ọjọ́ ìrántí ìdásílẹ̀ iléèwé náà, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.

Mọ́ṣádé yìí ni ó bí Micah.

Ṣùgbọ́n Micah ti di ẹni ńlá. Ó ti jẹ ọ̀gá ní báńkì l'Ékòó kí ó tó fẹ̀yìn tì wá sílé, gàrí sì ń tì í lójú. Ọdún tí ó di alága ni ó fòpin sí gàrí mímu, ó fi kéèkì rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá ń sọ ìtàn iléèwé fún àlejò, á ní bàbá òun, oníṣòwò pàtàkì, ni ó fún ìjọ nílẹ̀. Bàbá tí à ń wí yìí, Ọlọ́run mọ̀, kò ní ilẹ̀ kankan ju èyí tí wọ́n sin ín sí lọ! Àwọn àgbà tí ó mọ òótọ́ ń gbọ́, wọ́n ń bojú wolẹ̀. Ìjọ tilẹ̀ ti fẹ́ fi orúkọ bàbá náà sọ gbọ̀ngàn tuntun.

Ọjọ́ ìrántí ọdún yìí pé. Àwọn àlejò ti jókòó sábẹ́ kánópì, Micah wà láàárín wọn nínú léèsì funfun. Déọlá, olùkọ́ kékeré kan, sún mọ́ ọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, màmá àgbàlagbà kan ló dé láti Ayépé. Wọ́n ní àwọn ni ìyá yín."

Mọ́ṣádé ni, ó ti kó lọ sí Ayépé nígbà tí ó darúgbó. Ó ti wà lẹ́yìn Déọlá, ó gbé abọ́ gàrí tí ó fi aṣọ bò dání. Àwọn àlejò yíjú wò ó, wọ́n sì wo Micah. Micah rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ìyá mi kẹ̀? Rárá o. Wọ́n máa ń dín gàrí fún wa láyé àtijọ́ ni. Ẹ wá oúnjẹ fún wọn lẹ́yìn ilé lọ́hùn-ún."

Màmá tún aṣọ orí abọ́ rẹ̀ ṣe. "Òótọ́ ni, ọmọ mi," ni ó wí. "Gàrí ni mo ń dín." Ó sì yí padà.

Frederick, tí òun àti Micah jọ kàwé lábẹ́ àtíbàbà náà, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fà á lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì.

"Micah, ìwọ lo ṣe báyìí?"

"Frederick, àwọn èèyàn ń wò wá. Màá lọ bẹ̀ wọ́n tó bá yá."

"Ìwọ tí ò ń sọ fún ọmọ iléèwé pé ìyá ni wúrà! Jésù kò tijú láti kú ní gbangba nítorí rẹ, ìwọ ń tijú ẹni tó fi gàrí tọ́ ọ. O ti pẹ́ nínú ìjọ o, ṣùgbọ́n mi ò rò pé o mọ Jésù."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Micah léegun. Ó rántí àwọn ìka ìyá rẹ̀ tí iná ìdín-gàrí ti jó, tí ó máa ń fi nu ojú rẹ̀ láàárọ̀ kí katikíìsì tó dé. Ó ti dójú ti ìyá rẹ̀ láti tọ́jú iyì ara rẹ̀, iyì náà kò sì sí mọ́. Ojú tì í, kì í ṣe níwájú àlejò mọ́, bí kò ṣe níwájú Ọlọ́run. Ó sáré lọ sí géètì. Ọlọ́dẹ ní màmá kankan kò jáde.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ó ti rí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún lóúnjẹ nítorí àlejò ni yóò kọ́kọ́ jẹ, ti yí i ká pẹ̀lú ife. Màmá ń bu gàrí fún wọn. "Ẹ rọra, ẹ̀yin ọmọ mi, yóò kárí."

Alàgbà Micah dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrọ̀fọ̀ omi ìfọbọ́, tòun ti léèsì rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ dárí jì mí! Mo sẹ́ yín."

"Mo ti dárí jì ọ́ kí n tó yí padà," ni màmá wí. "Àmọ́ èmi kọ́ ni o kọ́kọ́ sẹ́, Micah. Ti Ọlọ́run ńkọ́?"

Níbẹ̀, nínú ẹrọ̀fọ̀, ni Alàgbà ti ké pe Jésù fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. "Olúwa, alàgbà ni mí, ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Gbà mí!" Frederick, tí ó ti tẹ̀ lé e débẹ̀, kúnlẹ̀ tì í, ó bá a gbàdúrà.

Lẹ́yìn náà Micah di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú lọ síwájú àwọn àlejò. Ó gba makirofóònù, ó sọ ìtàn iléèwé bí ó ṣe rí, ó sì ní kí wọ́n má fi orúkọ bàbá òun sọ gbọ̀ngàn náà. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín. Ìtìjú náà pọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Ó yá ife lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó sì mu gàrí ìyá rẹ̀ lórí ìdúró.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ìwọ ńkọ́? Bóyá o kò sẹ́ ìyá rẹ rí. Ṣùgbọ́n ta ni ó fún ọ ní èémí tí ò ń mí? Ta ni ó ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ? Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń wò ọ́, ṣé o ti jẹ́wọ́ rẹ̀ rí, àbí o ní kí ó lọ jókòó lẹ́yìn? Oyè inú ìjọ kò lè gbà ọ́. Má sọ pé tó bá yá.

Jésù ṣì wà lẹ́yìn ilé níbi tí o lé e sí. Kò tíì lọ. Dìde lónìí yìí, lọ wólẹ̀ níwájú rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ pé tìrẹ ni Jésù.