Ọmọ Kan Péré Ni Mo Sọ fún Oyin

Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní Suffolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, nígbà ogun Hítílà, tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí bọ́ǹbù.

Mabel Thirkettle ni wọ́n ní kó máa wá ilé fún wọn lábúlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin já wọn sílẹ̀, àwọn ará abúlé pé sí gbọ̀ngàn, wọ́n ń ṣa ọmọ bí ẹni ń ṣa ọ̀dùnkún. Ó ku Beryl nìkan. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká. Àánú rẹ̀ ṣe Mabel. Ó fà á lọ́wọ́, ó di ilé Màmá Pask, opó kan tó ń sin oyin.

Màmá Pask dínà mọ́ wọn.

"Mo ti ní tèmi, Mabel."

"Ta ló mú un wá fún yín?"

"Ṣebí ìwọ náà ni. Lánàá."

Mabel rẹ́rìn-ín músẹ́. Oríṣiríṣi irọ́ ló ti gbọ́ lọ́jọ́ náà: ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kórìíra ariwo. Ti màmá yìí tún yàtọ̀.

"Màmá, òní ni wọ́n dé."

"Ó wà lókè. Mo ti sọ fún àwọn oyin pàápàá." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: bí ẹnìkan bá wá gbélé, wọ́n á lọ gbá ilé oyin kókó, wọ́n á sì sọ fún wọn. "Ọmọ kan péré ni mo sọ, ọmọ kan péré ni wọ́n máa gbà. Mi ò lè yí i padà."

Ẹsẹ̀ kékeré rìn lórí àjà. Mabel gbọ́ ọ. Ó sáré gun àtẹ̀gùn. Kò sẹ́nì kankan. Bẹ́ẹ̀dì rú, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ẹ má fi ìrìn ológbò tàn mí, Màmá. Kò sọ́mọ kankan níbí. Òfin ni, ẹ gbọ́dọ̀ gba Beryl."

Ẹ̀rù hàn lójú màmá náà. "Mo bẹ̀ ọ́, mú un lọ. Ọ̀kan ni mo sọ."

Ilẹ̀ ti ń ṣú, kò sì sílé mìíràn. Mabel ti Beryl wọlé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Bílẹ̀ ṣe mọ́, ó padà lọ. Ọmọ kan jókòó sídìí tábìlì, ó wọ kóòtù Beryl, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó rẹ́rìn-ín sí Mabel. Eyín rẹ̀ pé.

"Beryl dà?" Mabel bi Màmá Pask.

"Ṣé o ò rí i ni?" Màmá Pask ò gbójú sókè.

Mabel wá gbogbo yàrá, ó wá ọgbà, ó wo inú kànga. Ó ń béèrè Beryl láti ilé dé ilé. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó tìfura-tìfura. Wọ́n ní Beryl rèé, kí ló tún ń wá?

Lọ́jọ́ ìsinmi, ìyá Beryl dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Mabel dúró sẹ́nu géètì, ó ń retí igbe. Obìnrin náà na ọwọ́, ọmọ náà sì sáré bọ́ sí i láyà.

"Beryl mi. Wo bó o ṣe sanra."

Inú ìyá ń dùn. Ọmọ tí Mabel fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì wọlé lọ́jọ́sí, kò sẹ́ni tó ń wá a mọ́ àfi òun nìkan.