Kásẹ́ẹ̀tì Inú Àpótí Pupa

Lọ́jọ́ tí Elétí kọ́kọ́ rí Jẹ́jẹ́ dáadáa, ọkùnrin náà ò ṣe nǹkan kan, ohun tó sì jẹ́ kó rí i nìyẹn. Orin kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ti ń lù fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀gá wọn tó ń ta gìtá ti dojú kọ òrùn, ìka rẹ̀ ń sáré bí ìka ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn sì ń mi orí tẹ̀lé e lórí pápá. Níbi tó dúró sí lápá òsì, Jẹ́jẹ́ oníbéèsì, tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, gbé ọwọ́ kúrò lára okùn gìtá rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó ń wo èrò bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Onílù ò mọ̀. Ọ̀gá wọn ò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

Àfi Elétí, ọmọbìnrin kan tó wà lẹ́yìn pátápátá, tó di ọ̀pá gígùn mú bí apẹja, tí máìkì méjì wà lórí ọ̀pá náà, tó sì de ohun ìgbọ́hùn mọ́ etí méjèèjì. Ìsàlẹ̀ orin náà ṣí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fa ẹní yọ lábẹ́ ẹni tó sùn. Ó gbé orí sókè wàrà. Ojú òun àti ti Jẹ́jẹ́ ṣe mẹ́rin. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tẹ́nì kankan ò rí lẹ́nu ẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń dúró síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù padà.

Iṣẹ́ tí Elétí fi ń jẹun gan-an ni títún ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ṣe fáwọn tí etí wọn ti wúwo, ibẹ̀ sì ni ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Àmọ́ lọ́jọ́ eré, òun ló ń gba orin ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ fáwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn. Ẹgbẹ́ yìí kì í lu orin kan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìdí nìyẹn tí gbogbo eré fi níyì, òfin kan ṣoṣo ló sì wà láàárín àwọn tó ń gbà á sílẹ̀: ohun tó o bá gbà, o ò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Tí Elétí bá délé, á kó kásẹ́ẹ̀tì sínú àpótí pupa tó wà nínú pálọ̀. Bàbá rẹ̀ á mú un níbẹ̀, á ṣe ẹ̀dà ogójì, á fi ránṣẹ́ sí ogójì ìlú.

Bàbá yìí ni Alága gbogbo ọmọ ẹ̀yìn ẹgbẹ́ náà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ reluwé, àmọ́ fèrè tó fi ń dá ọkọ̀ dúró ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ìpàdé ló wá fi ń dá dúró báyìí. Lójú tiẹ̀, orin tí kò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìpolówó ọṣẹ ni.

Ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ eré yẹn ni Jẹ́jẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Elétí, ó ní etí ń dun òun. Elétí fi tọ́ọ̀ṣì wo etí ọ̀tún, ó wo tòsì, ó fi ẹ̀rọ dán wọn wò láti orí ohùn tó rinlẹ̀ jù dórí èyí tó tín-ín-rín jù. Kò sóhun tó ṣe wọ́n.

"Etí yín dáa ju tèmi lọ," ló sọ. "Kí ló gbé yín wá gan-an?"

"Ẹ gbọ́ nígbà tí mo dákẹ́."

"Ṣebí gbogbo èèyàn ló yẹ kó gbọ́."

"Ọdọọdún ni mo máa ń dán wọn wò, ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́."

Elétí bi í bóyá báwọn oníbéèsì ṣe ń wá ìyàwó nìyẹn. Àwàdà ló pè é, ṣùgbọ́n tọ́ọ̀ṣì já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó yí wọ abẹ́ àga, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti mú un, wọ́n sì forí gbárí gbì. Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú kókó níwájú orí ẹni méjì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni etí tí nǹkan kan ò ṣe fi ń dun Jẹ́jẹ́. Nígbà tó fi máa sàn, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, Elétí sì ti ń pè é ní aláìsàn mi.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Jẹ́jẹ́ mú kásẹ́ẹ̀tì kan wá tí kò kọ nǹkan kan sí lára. Orin mọ́kànlá ló wà nínú ẹ̀, ó dárúkọ ara ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, òun nìkan ló lù wọ́n, òun ló sì fi ohùn ara ẹ̀ kọ wọ́n, nínú yàrá ìfọṣọ ìyá rẹ̀. Kò sí èyí tó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ nínú wọn. Àwo orin tiẹ̀ ni, ó ku oṣù méjì kó jáde, ọ̀gá ẹgbẹ́ ò sì tíì mọ̀.

"Ìwọ nìkan ni mo fún," ló sọ. "Má jẹ̀ẹ́ kẹ́nì kankan gbọ́ ọ kó tó jáde. Orin keje, tìẹ ni."

Orin keje sọ̀rọ̀ obìnrin kan tó gbé ọ̀pá sókè láàárín èrò, bí ẹni fẹ́ gbé fìtílà kọ́ sójú ọ̀run. Elétí gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrìnlá, ó nu ojú, ó wá ń wá ibi tó máa fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí. Gbogbo yàrá rẹ̀ ni eruku ike tó fi ń ṣe ẹ̀rọ etí ti bò. Ibì kan ṣoṣo tí eruku kì í dé nínú ilé ni àpótí pupa. Ó fi sínú ẹ̀, ó ní tóun bá dé òun á mú un, kò rántí pé bàbá òun ń kó ohun tó bá wà níbẹ̀, ó sì sáré jáde lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú kejì, níbi táwọn arúgbó mẹ́wàá ti ń dúró kó wá tún ẹ̀rọ wọn ṣe.

Ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀. Nígbà tó dé, Alága ń nu ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ogójì ẹ̀dà ti kúrò nílé ìfìwéránṣẹ́ láàárọ̀ yẹn, pé kí Elétí má ṣe ìyọnu.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ilé Alága kún fún lẹ́tà. Ẹnì kan kọ̀wé pé Jẹ́jẹ́ ń kọrin bíi màlúù tó rì sẹ́rẹ̀, tó sì ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pe ẹni tó máa yọ òun. Òmíràn ní òun jẹ́ kí ayálégbé òun gbọ́ orin náà, ọkùnrin náà sì kó jáde láìdágbére. Àwọn mẹ́ta fi oògùn ikọ́ ránṣẹ́. Ọ̀gá ẹgbẹ́ pe Jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ fún un pé tí àwo yẹn bá jáde, táwọn ọmọ ẹ̀yìn bá kọ̀ ọ́, kó má wulẹ̀ gbé gìtá padà wá.

Jẹ́jẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ pé etí ń dun òun. Kò jókòó.

"Èèyàn mélòó ni mo fún?"

"Èmi nìkan."

"Ta ló wá fi síta?"

Ẹnu Elétí ṣí. Tó bá ní bàbá òun ni, wọ́n á ní Alága jí iṣẹ́ oníṣẹ́ tí kò tíì jáde, wọ́n á sì gba oyè lọ́wọ́ ẹ̀. Oyè yẹn ló sì ń gbé ọkùnrin náà dìde lórí ibùsùn láti ọjọ́ tí ìyá Elétí ti kú. "Èmi ni mo fi síbi tí kò yẹ," ló sọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì ni.

"Wọ́n ní màlúù ni mí," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ìyẹn ò dùn mí tó èyí." Ó jáde, agogo ẹnu ọ̀nà sì dún lẹ́yìn ẹ̀ bí ìgbà tí oníbàárà wọlé.

Ọ̀rọ̀ màlúù yìí ni kò jẹ́ kí Elétí gbádùn. Ohùn tí òun gbọ́ ò jọ ti màlúù. Ó yá ẹ̀dà kan lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ kan, ó tì í bọ inú ẹ̀rọ, ó sì di orí mú. Orin náà ń wọ́ ẹsẹ̀. Bẹ́líìtì, rọ́bà tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì ojúlówó nínú ẹ̀rọ tí Alága fi ń ṣe ẹ̀dà, ti dẹ̀, ohun gbogbo tó bá gbabẹ̀ kọjá ló ń falẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i láti ìgbà yìí wá: tí eré ogójì ìṣẹ́jú bá di àádọ́ta, ta ni yóò bínú nínú irú àwọn ọmọ ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀? Elétí ní tiẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀dà, èyí tó fọwọ́ ara ẹ̀ gbà nìkan ló ń gbọ́.

Ó gbé ẹ̀rọ méjì sórí tábìlì níwájú bàbá rẹ̀, ó ní káwọn ṣí ojúlówó àti ẹ̀dà lẹ́ẹ̀kan náà. Alága kọ́kọ́ fọ́nnu pé ẹ̀rọ òun ò ṣàìsàn rí, àti pé ọmọ òun ò ní fẹ́ ẹni tó ń kọ orin ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é. Nígbà tí ojúlówó parí, ẹ̀dà ṣì wà lórí orin kẹsàn-án. Alága gbójú sókè, ó ń wo àjà.

"Tí mo bá sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ ẹ̀yìn," ló wí nígbẹ̀yìn, "mi ò lè jókòó síwájú mọ́."

"Ẹ wá jókòó sẹ́yìn nígbà náà, Bàbá mi. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀."

Alága pa ẹ̀rọ méjèèjì.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fi àwo náà síta, nínú gbọ̀ngàn kan tó gba ẹgbẹ̀ta èèyàn. Gbogbo àga ló kún, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn sì gbé ìrọ̀rí dání, wọ́n ní àwọn wá sùn. Ọ̀gá ẹgbẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Alága wà níwájú. Elétí dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni ò sọ pé kó má wá, kò sì sẹ́ni tó pè é.

Jẹ́jẹ́ nìkan ló bọ́ sórí ìtàgé. Ó ta okùn, ó gbé orin kìíní. Kò tíì dé ìlàjì tí ariwo fi sọ. Ìrọ̀rí kan fò kọjá lórí èrò, ó bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹ̀. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, bó ṣe ń lọ kọ́ nìyẹn. Ẹ̀ ń sáré."

Jẹ́jẹ́ ní òun lòun kọ orin náà. Obìnrin náà ní ó ṣeé ṣe, àmọ́ kò mọ̀ ọ́n. Gbọ̀ngàn hó yèè. Elétí rí i pé Jẹ́jẹ́ ń wo ọ̀nà àbájáde.

Ni fèrè bá dún.

Alága ti gun orí ìtàgé. Ó dúró bí ẹni ń dúró de ìdájọ́, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀: pé ọmọ òun fi kásẹ́ẹ̀tì sínú àpótí tí eruku kì í wọ̀, pé òun mú un láì béèrè, pé ẹ̀rọ òun ti darúgbó, pé ohun táwọn èèyàn fi ń pe ọkùnrin yìí ní màlúù, bẹ́líìtì òun ni. "Ọmọ mi gbà á sórí nítorí mi," ló sọ. Ó bọ́ fèrè lọ́rùn, ó gbé e sílẹ̀ lórí pátákó ìtàgé, ó sì rìn gba àárín àga lọ sẹ́yìn, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń fojú sìn ín títí ojú náà fi bá Elétí, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Obìnrin ọlọ́mọ tún dìde.

"Ṣé bẹ́líìtì ló ń kọ èyí tá a mọ̀ nígbà náà?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ bá wa pe bẹ́líìtì wá. Orin keje ni mo fi ń fún ọmọ yìí lóorun."

Ẹ̀rín bú sáfẹ́fẹ́. Bírìkìlà kan ní òun ò lè po sìmẹ́ǹtì mọ́ láìsí i. Òmíràn jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ lòun kọ lẹ́tà màlúù, àmọ́ kí òun tó rí ọ̀rọ̀ tó le tó tóun lè fi bú u, òun ti gbọ́ ọ nígbà ọgbọ̀n, ó sì ti mọ́ òun lára. Wọ́n ti fi ẹ̀gàn kọ́ orin náà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sórí.

Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin keje. Ó ta okùn mẹ́ta péré, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó jọ̀wọ́ méjèèjì sílẹ̀ bíi tọjọ́ àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹgbẹ̀ta èèyàn gbọ́ pé ó dákẹ́. Wọ́n gba orin náà lẹ́nu ẹ̀, wọ́n sì ń fi ìfalẹ̀ kọ ọ́, bí bẹ́líìtì ṣe kọ́ wọn. Ó dúró títí ó fi mọ ìrìn wọn, ó wá fi béèsì sí i lábẹ́. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta di ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ọ̀gá ẹgbẹ́ tú ọwọ́ ká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa yá òun ní gìtá.

"Orin rèé," ni Alága sọ lẹ́yìn.

Jẹ́jẹ́ gbé gìtá sílẹ̀, ó rìn gba àárín èrò títí ó fi dé ìdí ọ̀pá. Ó ní kí Elétí gbé máìkì wálẹ̀ díẹ̀, torí òun fẹ́ kí ogójì ìlú gbọ́.

"Ìdajì òótọ́ lo sọ fún mi, èmi náà ò sì dúró gba ìdajì tó kù. Má bínú, ọkàn mi. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Elétí wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wo àjà. Nígbà náà ló ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti ń gba orin sílẹ̀: ó fi ìka pa ẹ̀rọ, ó sì sọ èsì rẹ̀ sétí Jẹ́jẹ́.

Ẹ̀dà ogójì ló jáde, pẹ̀lú bẹ́líìtì tuntun. Ìbéèrè wà nínú gbogbo wọn ketekete, ẹ̀rọ á dún kọ́, kò sì sóhun tó tẹ̀ lé e. Títí di òní làwọn ọmọ ẹ̀yìn ṣì ń jiyàn lórí ohun tí Elétí sọ níbẹ̀ gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n rí àpótí pupa nígbà tí Elétí ń kó ẹrù ẹ̀ wọ ilé Jẹ́jẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ ọ, ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìnlá dákẹ́ kó lè mọ ẹni tó ń gbọ́ òun.